Mọ̀núrù Tó Sọ Ìyàwó Di Ọmọ

Bí ẹ bá dé ilé Àkàndé ní Ìdúmàgbò, tí ẹ rí ọkùnrin kan tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó ń tún bàtà àwọn àlejò tò, Mọ̀núrù nìyẹn. Ẹ má kí i pé ó kú iṣẹ́, torí kò ṣiṣẹ́ kankan. Ẹ kàn wo ibi tí ẹ bọ́ bàtà yín sí dáadáa kí ẹ tó wọlé, kí ẹ sì bẹ Ọlọ́run kí ẹ tún rí i nígbà tí ẹ bá ń jáde.

Bàbá tó bí mi àti bàbá tó bí i jọ jẹ́ ọmọ Àkàndé ni, ìyá ló yà wọ́n. Àdíját, ìyálé ilé, ló bí bàbá mi. Ráfátù, ìyàwó kẹta, ló bí bàbá tirẹ̀. Mo fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ, nítorí náà mo lè sọ ohun tó bá wù mí nípa rẹ̀, yóò sì máa pè mí ní ẹ̀gbọ́n náà ni. Kì í ṣe pé mo kórìíra rẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé mo ti ń wò ó láti kékeré, n kò sì tíì rí ohun tí mo fẹ́ yìn.

Àìsàn ìtò-nǹkan ló ń ṣe é. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, nígbà tó ṣì wà ní ilé kéú, tí àwọn àgbà wà lórí ìrun, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ó to gbogbo bàtà wọn bó ṣe tóbi sí. Ńláńlá wà lápá kan, kéékèèké wà lápá kejì, ó kó ti ọ̀tún jọ, ó kó ti òsì jọ. Lèmọ́mù fi ẹsẹ̀ lásán rìn dé ilé lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n nà án, kò sunkún. Ó ní àwọn ènìyàn kò mọ rírì nǹkan.

Nígbà tí omi ẹ̀rọ kì í yọ dáadáa ládùúgbò, tí a máa ń fi kẹ́ẹ̀gì tò sídìí ẹ̀rọ láti ìdájí, á yọ́ lọ síbẹ̀, á tún un tò. Gíga á lọ sẹ́yìn, kúkúrú á wá síwájú. Ẹni tó ti fi oorun ṣòfò láti kùtùkùtù á wá di ẹni ìkẹyìn. Ọ̀pọ̀ ìjà tí àwọn ìyá wa jà nídìí omi yẹn, Mọ̀núrù ló dá a sílẹ̀, òun á sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, á máa wo bí kẹ́ẹ̀gì ṣe gún. Ojú nìkan ló ń wò. Kò yé e títí dòní pé nǹkan lè ní ìdí tó fi wà níbi tó wà.

Iṣẹ́ akọ̀wé ló ṣe ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ òkun kan ní Màrínà. Kí ó máa lu ihò sí etí bébà, kí ó máa kó o sínú fáìlì, iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún nìyẹn. Bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, ẹ ó rò pé òun ló ń tu ọkọ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, orí àwa ará ilé ló fẹ̀yìn tì sí. Ó ra kọ̀ǹpútà alágbèéká, ó ra báàgì rẹ̀, ó ní kí a fi òun ṣe akọ̀wé ẹbí. A gbà, torí kò sí ẹlòmíràn tó ráyè.

Ẹni tí kò bá gbé agboolé rí, ó yẹ kí n la ohun kan yé e kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Nínú ilé wa, ìdí ìyá la fi ń pín nǹkan. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan tí Àkàndé fẹ́ ni ìdí kan. Bí ìyàwó kan bá bí ọmọ kún ilé, tí èkejì bí ẹyọ kan, ìdí kan náà ni kálukú ń jẹ́. Ẹran Iléyá, yàrá, àyè ìjókòó níbi ìpàdé, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn láti sọ, ìdí ló ń sọ gbogbo rẹ̀. Mẹ́rin ni ìdí náà: Àdíját, Sìfáwù, Ráfátù, Jemilat. Ọmọ ilé wa ti mọ̀ ọ́n sórí kí ó tó mọ ABD.

Jemilat ni ìyàwó ìkẹyìn. Ọmọ kan péré ló bí kí ó tó kú, ọmọ náà ni Àǹtí Mariyah. Òun nìkan ló ṣẹ́ kù láyé nínú àwọn ọmọ tí Àkàndé fi inú ara rẹ̀ bí. Nígbà tó wà lọ́mọdé, bí ìjà bá dé, àwọn ọmọ orogún ìyá rẹ̀ á ní wọn kò so yìgì ìyá rẹ̀ rí, pé ṣe ni Jemilat kàn gbé ẹrù kalẹ̀ láti Ọbaléndé, tó wọlé tí kò jáde mọ́. Nígbà tí gbogbo wọn dàgbà, ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ síta mọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń pín nǹkan, tó kan ìdí kẹrin, tí Àǹtí Mariyah dá nìkan dìde, ẹnì kan á ṣáà rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé." Á gba ìpín tirẹ̀, á padà sí yàrá. Ohun kan ló ń retí láyé: kí wọ́n kọ orúkọ ìyá rẹ̀ síbi tí gbogbo ayé á ti kà á pé ìyàwó Àkàndé ni.

Ọjọ́ náà fẹ́ dé lọ́dún tó kọjá. Bàbá Tìjání, olórí ẹbí wa, tí í ṣe ọmọ-ọmọ Sìfáwù, ní kí a fi òkúta mábù sí ẹnu ọ̀nà ilé, kí a kọ orúkọ àwọn ìyàwó Àkàndé àti àwọn ọmọ wọn sí i, kí a ṣí aṣọ lójú rẹ̀ lọ́jọ́ àdúrà ọdọọdún tí a máa ń ṣe fún bàbá. Ó ní kí Mọ̀núrù kọ orúkọ náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà lè ṣí i lórí fóònù wọn, kí wọ́n sì fi ohun tó bá kù sí i. Ìdí kọ̀ọ̀kan ní ìpínrọ̀ tirẹ̀. Orúkọ ìyá ló ṣíwájú, orúkọ àwọn ọmọ tẹ̀ lé e. Ó jọ pé ilé wa gan-an ni wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ yẹn, ìpínrọ̀. Bí a ṣe pín ọ̀rọ̀ náà ni a ṣe pín ilé.

Bó bá dúró síbẹ̀, ìtàn ì bá ti parí. Ṣùgbọ́n Mọ̀núrù ní ọ̀rẹ́ kan, Adolphus, ọmọ Sàró ní Olówógbowó, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Màrínà, tó máa ń bá ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tẹ ìwé ìkéde. Adolphus fi ètò kọ̀ǹpútà kan hàn án tí àwọn ọmọ kan ní Yábàá ṣe, tí wọ́n ń pè ní Páràtò. Bí wọ́n bá so Páràtò mọ́ ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, fúnra rẹ̀ ni yóò máa to ìpínrọ̀ inú rẹ̀. Á fi àyè sáàárín wọn, á jẹ́ kí etí wọn gún. Á wo ìpínrọ̀ tó gùn jù, á fi wọn àwọn yòókù. Èyí tó bá kúrú púpọ̀ sí i, kò ní jẹ́ kó dá dúró, á gbé e, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ èyí tó wà lókè rẹ̀, á sọ àmì tó bá wà nínú rẹ̀ di kọ́mà, á sì fi kọ́mà rán ojú ibẹ̀ pọ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀ pé ó já níbẹ̀ rí. Gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá ti fọwọ́ kan ìwé náà ni yóò tún un tò.

Mọ̀núrù ti rí ẹnìkejì rẹ̀ láyé. Ó gbé kọ̀ǹpútà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Jankara, níbi tí mo ti ń ta àdìrẹ, ó gbé e lé orí aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ká.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó. Ẹ ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. It arranges itself."

Mo ní, "Ṣé ó lè ká aṣọ?"

Ó ní, "Rárá o."

"Ṣé ó lè bá mi pe oníbàárà?"

"Ẹ̀gbọ́n, ìpínrọ̀ ló ń tò."

Mo ní kó gbé e kúrò lórí ọjà mi. Oníbàárà tó wà níwájú mi rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé láti ná ọjà.

Àǹtí Mariyah a máa ṣí ìwé yẹn lójoojúmọ́ lórí fóònù tí ọmọ rẹ̀ rà fún un. Á fi ìka fẹ lẹ́tà rẹ̀ kó tóbi, á ka orúkọ ìyá rẹ̀, á tún fi fóònù náà sábẹ́ ìrọ̀rí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ránṣẹ́ pè mí sí yàrá rẹ̀. Kò pariwo.

"Ìyá Kúdí, bá mi wo nǹkan yìí. Ṣé ojú mi ni?"

Mo gba fóònù. Kì í ṣe ojú rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni "Ráfátù: Sàkà, Jíbrílù", lẹ́yìn náà, nísàlẹ̀, ní àyè tirẹ̀, "Jemilat: Mariyah". Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni "Ráfátù: Sàkà, Jíbrílù, Jemilat, Mariyah."

Ẹ bá mi rò ó. Jemilat tó jẹ́ ìyàwó ti di ọmọ. Mariyah tó fi inú ara rẹ̀ bí ti di àbúrò rẹ̀. Àkàndé tó lọ sí Mẹ́kà, tó kọ́ mọ́ṣáláṣí fún àdúgbò, Páràtò ti sọ ọ́ di ẹni tó fẹ́ ọmọ tó bí. Ìdí mẹ́rin sì ti di mẹ́ta. Àwọn ọmọ orogún fi gbogbo ayé wọn sọ pé Jemilat kì í ṣe ìyàwó, wọn kò rí i sọ dé ibi tí ètò Yábàá yìí sọ ọ́ dé.

Mo fi ìbínú wọ yàrá Mọ̀núrù. Ó wà níbẹ̀ tó ń to bírò rẹ̀ sínú kọ́ọ̀bù, pupa pẹ̀lú pupa.

"Mọ̀núrù, kí lo fi Àǹtí Mariyah ṣe?"

Ó ṣí ìwé náà, ó wò ó, ẹ̀rín sì bọ́ sí i lójú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí bó ṣe balance? Ìlà kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó kàn rọ̀ síbẹ̀ bí ìrù adìẹ tí òjò pa."

"Ìyá Àǹtí Mariyah lò ń pè ní ìrù adìẹ?"

"Ẹ má bínú. Ìlà ni mò ń sọ."

"Ìlà yẹn ni ìyá wọn! Yà á sọ́tọ̀ padà."

"Kì í ṣe èmi, Ẹ̀gbọ́n, system ni. It's automatic. Tó bá ti wọlé, ó ti wọlé nìyẹn. Kò sóhun tí ènìyàn lè ṣe sí i mọ́."

Mo bá dá a ṣe fúnra mi. Mo gbé ìka sáàárín Jíbrílù àti Jemilat, mo là á. Ó dúró ní ojú mi. Kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ti padà. Mo tún là á, ó tún lẹ̀ ẹ́. Mo là á títí àtàǹpàkò fi ń ro mí, èmi tí mo ń ya aṣọ pẹ̀lú ọwọ́ lásán ní Jankara.

Ohun kan tí Mọ̀núrù kò sọ, èmi mọ̀ ọ́n. Àdíját àti Sìfáwù bímọ púpọ̀, ìpínrọ̀ wọn kún. Ráfátù bí ọkùnrin méjì péré, ìdí tiwọn kò ṣe nǹkan kan lójú ìwé. Ìgbà tí Páràtò wá gbé ènìyàn méjì lé wọn lọ́wọ́, ó wú. Kò pẹ́ tí Mọ̀núrù fi ń sọ nípàdé pé, "Àwa ìdí Ráfátù, àwa tí Àǹtí Mariyah wà nínú wa." Ọkùnrin tí kò rí iyì ṣe fúnra rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ń lu ihò sí bébà, kọ́mà ló wá fún un níyì.

Ní ọjọ́ tó ṣíwájú ọjọ́ tí a máa gbé orúkọ fún oníṣẹ́ òkúta, Àǹtí Mariyah fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá a ní yàrá. Ọmọ Àkàndé, àgbàlagbà tó ń fi ọ̀pá rìn, lọ bẹ ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí. Mo tẹ̀ lé wọn. Ó dùn mí débi pé n kò lè jókòó.

Àǹtí Mariyah ní, "Mọ̀núrù, mo wá bẹ̀ ọ́. Yọ ìyá mi lára àwọn ọmọ ìyá àgbà rẹ."

Mọ̀núrù gbé àga fún wọn, ó tọ́ ẹsẹ̀ àga náà kó bá ìlà táìsì mu, lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. "Àǹtí, ìpínrọ̀ tí kò bá gùn tó kò lè dá dúró. Standard ni. Kárí ayé ni."

"Báwo ló ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó?"

"Kó ṣáà tó ìlà mélòó kan, mà. Orúkọ kan ṣoṣo kéré jù."

"Èmi nìkan ni wọ́n bí, Mọ̀núrù. Níbo ni kí n ti rí orúkọ mìíràn?"

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Ọwọ́ mi ò ká a."

Wọ́n dìde. A padà sí yàrá wọn. Mo ti ń rò ó pé ẹkún ló kàn, mo ti ń wá ọ̀rọ̀ ìpẹ̀. Ni wọ́n bá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé ọ̀pá ti ògiri.

"Ó ní kó gùn, àbí? Yọ fóònù rẹ, Ìyá Kúdí. Á gùn."

Wọ́n ń sọ, èmi ń tẹ̀ ẹ́. Jemilat, ọmọ Àlàó tó ń rán aṣọ fún àwọn sójà ní Ọbaléndé. Wọ́n so yìgì rẹ̀ pẹ̀lú Àkàndé nínú àgbàlá ilé yìí lẹ́yìn ìrun àsárì, ìyálé ilé, Àdíját, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ìbòrí lójú rẹ̀. Kùránì kan àti ẹ̀gbà ọwọ́ fàdákà ni sàdáàkì rẹ̀. Fìlà ni ó máa ń ṣe ọnà sí lára, fìlà tí Àkàndé dé lọ sí Mẹ́kà, òun ló ṣe é. Bí ó bá se ọbẹ̀, kì í tọ́ ọ wò, ó máa ń fi imú mọ̀ pé iyọ̀ ti tó. Nígbà tí àìsàn dá Ráfátù dùbúlẹ̀, Jemilat ló pọn Jíbrílù, ọmọ Ráfátù, títí ọmọ náà fi ń pè é ní màmá, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ṣe oore. N kò gbọ́ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ rí, èmi tí mo dàgbà sínú ilé náà. Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni tó ti ń há a sórí láti ọjọ́ pípẹ́, tó kàn ń dúró de ẹni tó máa bi í.

Mo tẹ̀ ẹ́ tán, mo yà á sọ́tọ̀, mo gbé fóònù sílẹ̀. A dúró. Mo tún gbé e wò. Jemilat wà ní àyè tirẹ̀, ó gùn ju gbogbo wọn lọ, Páràtò kò sì fọwọ́ kàn án. Àǹtí Mariyah pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. Inú wa dùn gan-an, débi pé àwa méjèèjì kò wo òkè rárá.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Wọ́n so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá ní pálọ̀, àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù wà lórí fóònù tí wọ́n gbé ti ara ife, oníṣẹ́ òkúta jókòó sẹ́nu ọ̀nà kó lè gba orúkọ. Alfa Abdulafeez fi àdúrà ṣí i. Mọ̀núrù wọ jalamíà funfun tó lọ̀ títí etí rẹ̀ fi mú bí abẹ. Ó mú ọ̀pá kékeré kan lọ́wọ́, ó fi ń tọ́ka sí ojú tẹlifíṣọ̀n bíi tíṣà. Ó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ Páràtò ṣòfò àkókò wa. Ó ní ẹ̀rọ ló tò ó, pé ẹ̀rọ kì í ṣe ojúsàájú, pé kò mọ ìyálé, kò mọ ìyàwó.

Ìyẹn sì ni òótọ́ kan ṣoṣo tó sọ lọ́jọ́ náà.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ó ka Àdíját àti àwọn ọmọ rẹ̀, a ní àmín. Ó bọ́ sí Sìfáwù. Ó ń sáré kà á, ó ń yí ohùn padà bí oníròyìn orí rédíò, ó ka ọmọ kan lẹ́yìn òmíràn, ó ní, "Ráfátù, Sàkà, Jíbrílù."

Ẹnu rẹ̀ ti kọjá kí ojú rẹ̀ tó dé ibẹ̀. Ó dúró. Ọ̀pá kékeré náà wà lókè.

Ìpínrọ̀ Jemilat ti gùn ju gbogbo ìyókù lọ, Páràtò sì ti fi wọn àwọn yòókù. Èyí tó kéré jù lábẹ́ rẹ̀ ni ti Ráfátù. Ó ti gbé e, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti Sìfáwù, ó ti fi kọ́mà rán an. Ẹni tó bá sì mọ ilé wa mọ̀ pé nínú gbogbo orogún, Sìfáwù àti Ráfátù ni kì í fọn iná lọ́dọ̀ ara wọn títí wọ́n fi kú. Báyìí, ọ̀kan ti bí èkejì.

Bàbá Tìjání tẹ ara rẹ̀ síwájú. "Jọ̀ọ́, tún un kà. Etí mi ò gbọ́ ọ dáadáa."

Mọ̀núrù sọ ọ̀pá kékeré náà kalẹ̀.

"Ìyá àgbà rẹ ti di ọmọ ìyá àgbà tiwa nìyẹn," ni Bàbá Tìjání wí. "Káàbọ̀ sí ìdí wa, Mọ̀núrù. Ṣé o gbé ẹní wá?"

Pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan láti inú fóònù ní, "Ah, Uncle Mọ̀núrù, welcome o!" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mi ò sì ní purọ́, gbogbo ẹ̀rín ọjọ́ náà dùn mọ́ mi. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

"Ẹ dákẹ́! Ẹ dákẹ́ ná!" ni Mọ̀núrù ń pariwo. Òógùn ti bò ó. "Ìyá bàbá mi kọ́ ni wọ́n máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ báyẹn!" Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, ó fa atọ́ka lọ sí igun kan lókè, ó tẹ ibì kan ṣoṣo. Ká tó wúkọ́, gbogbo rẹ̀ ti padà. Sìfáwù lọ sí àyè rẹ̀, Ráfátù lọ sí àyè rẹ̀, Jemilat wà nísàlẹ̀. Ìdí mẹ́rin. Ó mí kanlẹ̀, ó fi etí jalamíà nu ojú.

Ìgbà náà ló wá rí i pé kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́.

"Mọ̀núrù." Àǹtí Mariyah ni. Wọn kò gbé ohùn sókè.

"Mà."

"Ó níbi tí wọ́n ti ń pa á?"

Kí ló fẹ́ sọ? Obìnrin tó jẹ́ àbúrò bàbá rẹ̀ rìn wá bẹ̀ ẹ́ ní yàrá, Mọ̀núrù ní ọwọ́ òun kò ká a. Ó kan ìyá bàbá tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ká a kí a tó wúkọ́. Mo ti pè é ní aláìmọ̀kan láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé mo ti ń bu ọlá fún un jù.

Alfa Abdulafeez ló dá sí i. Ó ní, "Ó ku ìdí kan. Ẹ kà á."

Mọ̀núrù kà á. Kò yí ohùn padà mọ́. Ó ka yìgì, ó ka sàdáàkì, ó ka fìlà Mẹ́kà. Àwọn tí wọ́n ti ń fi "ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé" rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ yìí wo ilẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí Jemilat ti pọn Jíbrílù, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà náà, ó tún un kà. Jíbrílù ni bàbá tó bí i. Bàbá Tìjání ní kó máa kà á lọ, ó sì kà á dé òpin.

Oníṣẹ́ òkúta gbé ọwọ́ sókè, ó ní ọ̀rọ̀ yẹn ti pọ̀ jù fún òkúta náà, àfi kí àwọn ra òmíràn. Ẹbí ní wọn á rà á. Ojú ń tì wọ́n, wọn ì bá ra òkè Olúmọ gan-an lọ́jọ́ náà.

Àǹtí Mariyah ní, "Ẹ má rà á. Ẹ pa gbogbo ìyẹn rẹ́. Ẹ fi 'Jemilat: Mariyah' sílẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀."

Mo fò dìde. "Àǹtí, ẹ jẹ́ kó wà! Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rí i."

"Wọ́n ti gbọ́ ọ. Ìyá mi kì í ṣe ẹni tó ń rojọ́. Ẹ kọ ọ́ kó kúrú, kó sì dá dúró."

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n gbẹ́ ẹ.

Mo pàdé Adolphus lẹ́yìn náà, mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní òun ti yọ Páràtò kúrò lára ìwé tòun tipẹ́, nítorí pé ó lẹ ìkéde ìgbéyàwó méjì pọ̀, àlùfáà sì dìde lọ́jọ́ Àìkú, ó kéde pé arákùnrin kan fẹ́ gbé arábìnrin méjì níyàwó nínú ṣọ́ọ̀ṣì Ọlọ́run. Mo bi í bóyá ó fi ibi tí wọ́n ti ń pa á han Mọ̀núrù. Ó ní, "Ohun àkọ́kọ́ tí mo fi hàn án nìyẹn."

Òkúta náà wà lẹ́nu ọ̀nà wa báyìí. Àdíját kún, Sìfáwù kún, Ráfátù ní ìlà díẹ̀. Àyè wá ṣí sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìlà kúkúrú kan wà nísàlẹ̀, àyè sì yí i ká. Àǹtí Mariyah a máa gbé àga síwájú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kan, Mọ̀núrù tún bàtà tò tán, ó gbé orí sókè, ó wo òkúta náà, ó sì mi orí. Àwọn kan kì í kọ́gbọ́n láyé.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ ò rí i bí àyè ṣe ṣòfò nísàlẹ̀ yẹn?"

Wọn kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀.

Wọ́n ní, "Kò ṣòfò. Ìyá mi ló jókòó síbẹ̀."